Ìgbín Tí Ẹ Kò Rà, Tó Yọjú Nínú Àpótí Ẹja Yín

Ìbéèrè tó gba ojú ewé wa lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Abúlé Òkúta, lágbègbè Bàrígà níbí. Ọkọ rẹ̀ ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí àkúéríọ́mù. Wọ́n kó yanrìn sí i, wọ́n gbin ewé sí i, wọ́n da ẹja sí i, gbogbo ilé sì ń jókòó tì í bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n bá rí ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń rìn lára gíláàsì. Wọn kò ra ìgbín, ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn ní ìgbín. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ló wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá apìgbín. Bó bá ti dé láti ilé-ìwé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú omi dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá náà wá béèrè pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìgbín yìí lè kó àrùn ran ọmọ mi? Àbí kí n da gbogbo rẹ̀ nù?"

Ìbéèrè gidi ni o. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí n tó dá a lóhùn, èmi náà bi í ní ìbéèrè kan: níbo ni ewé inú àpótí náà ti wá? Ó ní àwọn ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, àmọ́ àbúrò ọkọ òun ló já ìyókù bọ̀ láti inú odò kan lọ́nà Abẹ́òkúta, nítorí pé ewé náà wù ú. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí kí a tó tú u palẹ̀. Ìgbín omi tó bá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ẹja wá, tó jẹ́ pé inú àpótí ni wọ́n ti pa á láti inú ẹyin, wàhálà ilé lásán ni. Ìgbín tó bá ewé wá láti odò, láti adágún tàbí láti inú kòtò omi, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ojú lásán kò lè fi gbogbo ìgbà mọ èyí tó jẹ́ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, ibi tó ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

BÁWO NI WỌ́N ṢE WỌLÉ?

Àwọn kan gbà pé omi ló máa ń bí ìgbín fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ewé ni wọ́n ń bá wọlé. Abẹ́ ewé àti ara igi ewé ni ìyá wọn máa ń yé ẹyin sí, ẹyin náà á sì wà pọ̀ nínú nǹkan kan tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀ bí omi ilá. Ẹ lè yẹ ewé wò níwájú lẹ́yìn, kí ẹ má sì rí i. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilẹ̀ wa, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹyin náà tó pa.

Ohun kejì ni pé ẹyọ kan péré ti tó. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbín omi kéékèèké jẹ́ akọ, wọ́n tún jẹ́ abo nínú ara kan náà, bí ọ̀kan kò bá sì rí ẹnìkejì, ó lè dá yé ẹyin tó máa pa. Òun ló fà á tí ẹ̀yin fi rí ìgbín kan lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ sì rí ogún kó tó di ìparí oṣù.

Ohun kẹta ni oúnjẹ. Ìgbín ń jẹ ewéédò tó ń hù lára gíláàsì, ó ń jẹ ewé tó ti kú, ó sì ń jẹ oúnjẹ tí ẹja jẹ kù. Níbi tí ìgbín bá ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni tó ń bọ́ ẹja níbẹ̀ lawọ́ jù.

ORÍṢIRÍṢI TÍ Ẹ LÈ RÍ

Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú wọn wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ṣíbí gbé ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sínú ìgò tó mọ́ gaara pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ìdérí. Bí ìgbín tó ní ìdérí bá fà wọ inú ìkarahun rẹ̀, nǹkan kan bí èékánná máa pa ẹnu rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú inú gbé e dúró, kí ṣonṣo rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín, kí ẹ wá wo ọwọ́ tí ẹnu náà wà.

Èkíní gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣonṣo, ó sì ní ìlà yíká yíká bí ìṣó tí káfíńtà ń yí wọ igi. Ó ní ìdérí. Melanoides ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú yanrìn ló máa ń sá sí lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń jáde, ọmọ ààyè ló sì ń bí dípò ẹyin. Kì í gbé aràn àtọ̀sí ajá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkejì tóbi, ó rí roboto, ó sì ní ìdérí. Òun náà kì í gbé aràn yìí nílẹ̀ Áfíríkà. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ló máa ń jẹ ewé ààyè, ó sì lè sọ ọgbà inú omi yín di pápá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò ní ìdérí, ó sì rí pẹlẹbẹ, ó ká jọ bí òṣùká kékeré tí a fi ń ru ẹrù. Ó lè pupa, ó lè dúdú díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sìn nínú àpótí kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ ó ní ìbátan kan nínú odò wa tó ń jẹ́ Biomphalaria, tó ń gbé aràn tó ń bá ìfun jà. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an kò ní fi ojú lásán yà wọ́n.

Ẹ̀kẹrin kéré, ó tó hóró ẹ̀pà tàbí kó má tó o, kò ní ìdérí, ọwọ́ òsì yín sì ni ẹnu rẹ̀ wà. Méjì ló ń jẹ́ irú èyí. Ọ̀kan ni Physa, ìgbín tó wọ́pọ̀ jù nínú àpótí ẹja káàkiri ayé, tí kò ní wàhálà. Èkejì ni Bulinus, òun gan-an ló ń gbé aràn àtọ̀sí ajá nínú odò àti adágún ilẹ̀ wa. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí kò sì ní ìdérí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yà kẹta tí wọ́n ń pè ní Lymnaea, tí irú rẹ̀ nínú odò máa ń gbé aràn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù àti àgùntàn.

Ẹ rántí èyí: èyí tó ní ìdérí, ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti àtọ̀sí ajá. Èyí tí kò ní ìdérí, tó sì rí bí òṣùká tàbí tí ẹnu rẹ̀ wà lósì, tí ẹ kò sì mọ ibi tó ti wá, ẹ ṣe é bí ẹni tí a kò mọ̀ rí tó kan ilẹ̀kùn lóru.

ÀTỌ̀SÍ AJÁ KÌ Í ṢE ÀTỌ̀SÍ

Orúkọ yìí ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Àtọ̀sí lásán ni àrùn tí èèyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀. Àtọ̀sí ajá, tí àwọn dókítà ń pè ní schistosomiasis, inú omi ni wọ́n ti ń kó o. Ajá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìṣekúṣe kò sì mọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí ìyá tó na ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó tó gbé e wá, nítorí pé ọmọ náà tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti ń bá obìnrin rìn. Ọmọ ọdún 11! Odò ni ọmọ náà ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ọmọ bá tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má mú pàṣán. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1851, dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, rí aràn náà nínú òkú èèyàn ní ilé ìwòsàn kan ní Cairo, ní Íjíbítì. Ní 1910, Marc Armand Ruffer rí ẹyin aràn náà nínú kíndìnrín òkú àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ti kùn lọ́ṣẹ láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ bó ṣe ń wọ ara. Ìgbà tó di 1913 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Miyairi àti Suzuki, fi hàn pé inú ìgbín ni ọmọ aràn irú tilẹ̀ wọn ti ń dàgbà. Ní 1915, Robert Leiper, ará Britain, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Íjíbítì pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtọ̀sí ajá rí.

Nílé níbí, ẹ ò ní lọ jìnnà. Ní 1983 ni wọ́n ṣí Dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, èyí tó ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi. Dáàmù náà wúlò, àmọ́ omi tó dúró jẹ́ẹ́, tí ewé hù sí, ni Bulinus fẹ́ràn jù. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí láwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ omi náà rí àtọ̀sí ajá lára ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ẹ má bẹ̀rù omi ẹ̀rọ nítorí èyí o. Omi tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì ti po òògùn sí, ọmọ aràn kò lè là á já.

BÓ ṢE Ń RAN ÈÈYÀN

Ẹni tí aràn náà wà lára rẹ̀ máa tọ̀ sínú omi. Ẹyin aràn inú ìtọ̀ náà á pa, ọmọ aràn á sì wá ìgbín tó bá a mu wọ̀. Bí kò bá tètè rí i, ó ti kú nìyẹn. Bó bá rí i, yóò máa bí sí i nínú ìgbín náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ìgbín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn jáde sínú omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lójúmọ́, pàápàá lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú. Àwọn wọ̀nyí ló ń wọ ara èèyàn láti inú awọ ara, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá mu omi náà. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó wọnú omi ti tó.

Nínú ìtàn yìí, ẹ ó rí ohun mẹ́ta tó kan àpótí ẹja yín.

Àkọ́kọ́, ẹyin ìgbín kì í gbé aràn yìí. Ìgbín tó pa nínú àpótí yín, tí ẹnikẹ́ni kò tọ̀ sínú omi rẹ̀, kò ní nǹkan kan lára. Ìgbín tó ti dàgbà nínú odò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ìkejì, ọmọ aràn tó ti jáde nínú ìgbín kì í pẹ́ láyé. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò rí ara èèyàn wọ̀, ó ti kú. Ìdí nìyẹn tí omi odò tí a pọn sínú ìkòkò, tí ìgbín kò sí nínú rẹ̀, fi máa ń bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀sí ajá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Àmọ́ ẹ wo inú àpótí ẹja: ìgbín wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń tú òmíràn jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "omi náà ti pẹ́ nínú ilé, kò léwu mọ́" kò rò ó délẹ̀.

Ìkẹta, kò sí aràn nínú ìgbín bí kò bá sí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ èèyàn nínú omi tó ti wá. Ìgbín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà, àwa ni.

BÍ EWÉ YÍN BÁ TI ODÒ WÁ

Bíi ti ìyá Abúlé Òkúta yẹn nìyí. Ohun tí mo ní kó ṣe rèé, ẹ̀yin náà lè tẹ̀ lé e.

Kí ọwọ́ ọmọdé kúrò nínú omi náà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kí àgbàlagbà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, kó fi àwọ̀n kó ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mìíràn. Ẹja kò ní kó àtọ̀sí ajá, kò sì ní kó o ran yín. Kó ṣa gbogbo ìgbín tó bá rí sínú agolo, kó sì da omi gbígbóná tó ń hó lé wọn lórí. Ewé odò náà, kó kó o sínú ọ̀rá, kó dì í pa, kó sì fi í sínú ìdọ̀tí. Kó da omi àpótí náà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má dà á sí gọ́tà. Kó se yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lórí iná, nítorí pé Bulinus lè fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mélòó kan kó sì tún jí bí omi bá kàn án. Kó fi omi bílíìṣì fọ gíláàsì, kó fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa, kó sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó tún un tò.

Ọmọ náà ńkọ́? Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó ti ń yún un níbi tí omi ti ń kàn án. Ẹ ṣọ́ bóyá ibà, ikọ́ àti àárẹ̀ á mú un ní bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ omi náà. Ọ̀pọ̀ kì í rí àmì kankan níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ló máa ń tú àṣírí nígbà tó bá yá, pàápàá ní ìparí ìtọ̀, pẹ̀lú ìrora àti kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́.

Ẹ má sáré lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí kí ẹ wá fi "kò sí nǹkan" ṣe ìdánilójú. Aràn náà nílò bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyin rẹ̀ á hàn nínú ìtọ̀. Ẹ sọ fún dókítà nísinsìnyí pé ọmọ náà ti fọwọ́ kan omi tó ní ìgbín odò, kí ẹ sì padà lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ìtọ̀ tó dára jù fún àyẹ̀wò yìí ni èyí tí ọmọ bá tọ̀ láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, lẹ́yìn tó bá ti sáré tàbí fò díẹ̀, kí ẹ sì gba ìkángun ìtọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin aràn pọ̀ sí. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó wà ní ilé àyẹ̀wò bó bá ní kí ẹ gbé ìtọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù wá.

Òògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Bí ara ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn òògùn náà, mílígíráàmù 40 fún kílò kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ. Òun kan náà ni wọ́n ń pín fáwọn ọmọ ilé-ìwé láwọn agbègbè tí àrùn náà gbilẹ̀ sí. Kì í pa aràn tó ṣì kéré dáadáa, ìdí mìíràn nìyẹn tí àsìkò fi ṣe pàtàkì. Ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri òògùn nínú mọ́tò. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wọn ọmọ yín kó tó lo òògùn.

Ẹ má fi àrùn yìí sílẹ̀ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Aràn náà lè gbé ọdún 3 sí 5 lára, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pẹ́, ó ń ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Lára obìnrin, ó lè dá egbò sí ojú ara àti ẹnu ilé ọmọ, kí wọ́n máa fi òògùn àrùn ìbálòpọ̀ wò ó lọ láìrí ìwòsàn. Ó lè mú kí oyún ṣòro, ó sì ń mú kí àrùn HIV rọrùn láti kó.

BÓ BÁ JẸ́ ÌGBÍN ỌLỌ́JÀ

Bó bá dá yín lójú pé inú àpótí ẹni tó ń sin ẹja ni ewé náà ti hù, tó sì ti pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ má da ohun tí ẹ fowó rà nù. Ìgbín díẹ̀ ń bá yín nu gíláàsì, ó sì ń kó ìdọ̀tí jẹ. Kí iye wọn má pọ̀ ni kí ẹ máa ṣe.

Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù. Èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó wọn. Ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ilẹ̀ àpótí náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì fi ẹnu fà á. Lálẹ́, ẹ bọ ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ègé kùkúńbà díẹ̀ nínú omi gbígbóná, ẹ so òkúta kékeré mọ́ ọn, kí ẹ sì jù ú sí ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá ìgbín lórí rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àlejò rẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ẹ má da òtapiapia sínú omi ẹja. Mo mọ ohun tí mo ń sọ o. Májèlé ẹ̀fọn àti aáyán kì í mọ ìgbín yàtọ̀ sí ẹja, kì í sì í mọ ẹja yàtọ̀ sí ọmọdé tó tọwọ́ bọ omi. Ẹ ṣọ́ra fún òògùn ìgbín tó ní kọ́pà nínú pẹ̀lú. Ó ń pa ìgbín lóòótọ́, àmọ́ bó bá pọ̀ ó ń pa ẹja, ó sì ń pa edé inú àpótí. Bí ìgbín púpọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹrà nínú omi, omi á bàjẹ́, ẹja tí ẹ fẹ́ gbà là ni yóò kọ́kọ́ kú.

KÍ EWÉ TUNTUN TÓ WỌLÉ

Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ẹ fi ewé tuntun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè kàn án, kí ọwọ́ ọmọdé má sì dé ibẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ máa yọ ìgbín tó bá pa. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ fi ìwọ̀n 1 bílíìṣì sí ìwọ̀n 19 omi, ẹ ki ewé náà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá méjì, kí ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ ti fi òògùn tí ń pa chlorine sí kó tó wọ ọ̀dọ̀ ẹja. Ewé tó rọ̀ jù kò ní lè fara da èyí. Àwọn kan máa ń lo álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi kànga tòrò. Ẹ má pò ó mọ́ bílíìṣì láéláé, nítorí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn lára.

Ojú oró àti òṣíbàtà rẹwà lórí omi, bẹ́ẹ̀ náà ni koríko òdòdó àwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó wọ omi wa láti apá Àgbádárìgì ní 1984, tó sì máa ń bo ọ̀sà lẹ́bàá Ìlàjẹ Bàrígà nígbà òjò. Iyọ̀ tó ń wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí Bulinus rọ́wọ́ mú níbẹ̀, àmọ́ inú odò tí kò níyọ̀ ni koríko yẹn ti ń ṣàn bọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ ibùgbé tó tẹ́ ìgbín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó máa léfòó níbi tó wà. Kò yẹ ní pálọ̀ yín.

Ohun tó gbẹ̀yìn kan gbogbo àdúgbò. Bí àpótí ẹja bá sú yín, ẹ má kó ewé àti ìgbín inú rẹ̀ dà sí gọ́tà tàbí kánáàlì. Omi gọ́tà wa ń dé ọ̀sà, ọmọ ẹlòmíràn sì wà níbi tó ń gbà kọjá. Ẹ má tọ̀ sínú omi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín tọ̀ sínú omi, bó ti wù kó jìn sílé tó. Ibi tí ìtọ̀ bá ti dáwọ́ dúró, aràn kò ní rí ọ̀nà dé ara ìgbín, ìgbín náà kò sì ní ní ohun tó máa fún ọmọ wa.

Ìyá Abúlé Òkúta, ẹ kọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò ọmọ yín bọ́ sí sára kàlẹ́ńdà ilé. Ẹ má jẹ́ kó yẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó kù, bí ẹ bá ní àpótí ẹja nílé, ẹ lọ bi ẹni tó kó ewé rẹ̀ wá léèrè lónìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run fún ilé wa ní àlàáfíà.